Ray Power Alágbàdo: Rédíò aládàáni àkọ́kọ́ àti kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ ìjọba

Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Ṣàngó-Ọ̀tà tó ń lọ sí Èkó, tó bá ti kọjá Tóògéètì àti Alákùkọ, kò ní í pẹ́ tí yóò fi dé Alágbàdo. Ní àdúgbò yìí ni Ray Power 100.5 FM ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òun sì ni rédíò aládàáni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà.

Àwọn àgbà kò ní í gbàgbé bí rédíò ṣe rí tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1935 ni àwọn òyìnbó amúnisìn gbé Rediffusion dé Èkó, ó sì dé Ìbàdàn lọ́dún 1939. Àpótí kékeré ni, wáyà ni wọ́n fi ń so ó mọ́ ilé, owó oṣooṣù sì ni èèyàn ń san lórí rẹ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni Yorùbá pè é, torí òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ n'Ìbàdàn lọ́dún 1959, OGBC náà sì bẹ̀rẹ̀ l'Abẹ́òkúta lọ́dún 1977. Èdè àti orin ilẹ̀ wa rí àyè níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba ló ni gbogbo wọn.

Oṣù kẹjọ, ọdún 1992 ni nǹkan yí padà. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Ibrahim Babangida ṣe Òfin Nọ́ńbà 38, èyí tó dá àjọ NBC sílẹ̀, tó sì gba aládàáni láyè láti ní rédíò. Olóyè Raymond Dokpesi, ọmọ Agenebode ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, tó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ. Lọ́jọ́ kìíní, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1994, Ray Power bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹwu. Tẹlifíṣọ̀n AIT tẹ̀ lé e lọ́dún 1996.

Kíákíá ni ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn. Tọ̀sán-tòru ló ń sọ̀rọ̀, kì í palẹ̀ mọ́ lóru. Kenny Ogungbe àti Dayo Adeneye, tí wọ́n ń pè ní D1, gbé orin àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa lárugẹ níbẹ̀. D1 yìí náà ló wá di kọmíṣánnà ètò ìròyìn ní ìpínlẹ̀ Ògùn lásìkò Gómìnà Ibikunle Amosun.

Àmọ́ ẹni tó fúnni ní ìwé àṣẹ ló ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejìlélógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2005, bàálù Bellview já, gbogbo èèyàn 117 tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Kíṣí, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ sọ pé ó já sí. Abúlé Lísà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀, tí kò jìnnà sí Ọ̀tà, ló já sí ní tòótọ́, AIT sì fi ibẹ̀ han aráyé. Lọ́jọ́ kejì ni NBC ti AIT àti Ray Power pa, wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń gbé ìròyìn òkú náà kò bójú mu. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ṣí wọn padà.

Lọ́jọ́ kẹfà, oṣù kẹfà, ọdún 2019, NBC tún gba ìwé àṣẹ wọn. Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Abuja ló pàṣẹ lọ́jọ́ kejì pé kí wọ́n ṣí i. Lóṣù kẹjọ, ọdún 2022, ọ̀rọ̀ gbèsè ló tún délẹ̀. Ilé iṣẹ́ 52 ni NBC kéde pé òun gba ìwé àṣẹ wọn, Ray Power wà níbẹ̀, ti àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan pàápàá wà níbẹ̀. Nígbà tí ariwo pọ̀, NBC dá ọwọ́ dúró.

Olóyè Dokpesi kú lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, lẹ́ni ọdún 71. Ọ̀nà tó là ti gbòòrò: rédíò aládàáni ti wà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ará oko pàápàá ń fi fóònù sọ èrò rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́. Asọ̀rọ̀mágbèsì ti ń gba èsì báyìí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ilé iṣẹ́ rédíò pa, olóhùn àti ẹni tó fẹ́ fèsì ni wọ́n jọ tì mọ́lé.