Orúkọ Kan, Ẹbí Méjì: Panla Inú Ọbẹ̀ Wa

Panla gbígbẹ tó le bí igi, tí a ń rẹ sómi kó tó ṣeé sè, láti erékùṣù Lofoten ní Norway ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń dé ọjà Mọ́níyà àti Ìyànà-Ọ̀fà. Cod ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti di panla, orúkọ kan náà tí a fi ń pe ẹja mìíràn tó wà nínú yìnyín. Ìyẹn ò burú fún ẹni tó ń se ọbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń da àwọ̀n sómi kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀kan ṣoṣo ni cod pàápàá. Ẹbí méjì ni wọ́n, ẹni tó bá sì kà wọ́n mọ́ ara wọn lè pa ọ̀kan run kó má tilẹ̀ fura.

Ẹbí àkọ́kọ́ ń gbé ní Òkun Barents ní àríwá; láàrin oṣù kìn-ín-ní sí oṣù kẹrin ni wọ́n ń wá yé ẹyin sí Lofoten. Ẹbí kejì kì í rìn jìnnà sí etíkun. Lásìkò ìyéyin, àwọ̀n kan náà lè kó àwọn méjèèjì. Wọ́n dà bí ewúrẹ́ tó jọ ń jẹ ní pápá kan, tí kálukú ń gba àgbàlá olówó rẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bá ṣú. Ẹyin ni ẹ̀rí ìyàtọ̀ wọn tó wù mí jù: ìṣàn omi a gbé ti àwọn ará àríwá padà sí Òkun Barents, nígbà tí púpọ̀ nínú ti àwọn ará etíkun kì í kúrò nítòsí. Láti 1933 ni àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé òkúta kékeré inú etí ẹbí méjèèjì kò rí bákan náà. Àwọn kan lè ní oúnjẹ àti òtútù ló fà á, bí iṣu kan náà ṣe ń yàtọ̀ lórí ilẹ̀ ọlọ́ràá àti ilẹ̀ tó ti ṣá. Àyẹ̀wò DNA ló dá wọn lóhùn: nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ará àríwá, apá gígùn kan nínú DNA ti dorí kodò, odindi sì ni ọmọ ń jogún rẹ̀. Oúnjẹ kò lè ṣe èyí.

Ẹlòmíràn á ní òkun kò ní ògiri, pé bí ará etíkun bá tán, ará àríwá á rọ́pò wọn. Lóòótọ́ ni díẹ̀ ń bá ara wọn gùn. Ṣùgbọ́n àwọn ará àríwá ti pọ̀ yanturu rí, síbẹ̀ àwọn ará etíkun ò kúrò ní ìwọ̀nba. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ Norway, láàrin 2007 sí 2017, fi ń yẹ DNA ẹja agbègbè Henningsvær ní Lofoten wò, tí èsì ń jáde láàrin wákàtí 24: bí ará etíkun bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọn kò ní ṣí ibẹ̀ fún apẹja. Nígbà tí cod Newfoundland tán, tí Canada fòfin de pípa rẹ̀ ní 1992, kò sí agbo mìíràn tó wẹ̀ wá dí àlàfo náà.

Kí ló kan àgbẹ̀ Bádékù tàbí Ẹgbẹ́dá? Ẹni tí kì í da èbù iṣu Èfùrù pọ̀ mọ́ ti Láṣìrì ti mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹja tiwa pẹ̀lú: ṣawá tí wọ́n ń pa létíkun wa ń gbé láti Morocco dé Àǹgólà, ojú lásán kò sì lè mọ ibi tí agbo kan parí sí. Ní 2019, Ghana ti òkun rẹ̀ fún oṣù kan mọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ọ̀pẹẹrẹ kí ẹja lè sinmi. Bí ṣawá ibẹ̀ àti tiwa bá jẹ́ agbo kan, ìsinmi náà ti ran tiwa lọ́wọ́. Bí wọn kì í bá ṣe ọ̀kan, àwa náà ní láti ká àwọ̀n tiwa kúrò lómi.