Ṣé O Mọ̀? Àtọ̀húnrìnwá Nínú Sinimá

Ṣé o mọ̀ pé ìlú Ìwó fúnra rẹ̀, ẹni tó kúrò nílé ló tẹ̀ ẹ́ dó? Ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ ni pé Adékọ́lá Tẹlú, ọmọ Lúwòó, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni ní Ifẹ̀, ló kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde, tí wọ́n ń ṣí láti ibùdó kan sí òmíràn kí ilẹ̀ tó gbà wọ́n. Odídẹrẹ́ tí wọ́n fi ń mọ Ìwó títí dòní, ara ìrìn yẹn ló ti wá. Mo fi èyí ṣíwájú nítorí pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àwọn fíìmù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn lónìí ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀: ẹni tó dé ibi tí wọn kò ti mọ ìdílé rẹ̀, tàbí ẹni tó wà nílé bàbá rẹ̀ tí àwọn ará ilé ń wò bí àjèjì. Púpọ̀ nínú àwọn tó ṣe wọ́n ló jẹ́ pé fúnra wọn ni wọ́n wá owó rẹ̀ kiri.

Ṣé o mọ̀ pé ní Òṣogbo, nínú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí kan náà, ọkùnrin kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, tó sì dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀? Olóyè Oyin Adéjọbí ni. Láyé ìgbà tiwọn, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá rọ, ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀pọ̀ ilé máa ń fi í sí kí àlejò má baà rí i. Oyin Adéjọbí kò gbà. Ó bọ́ sójú agbo. Orogún Adédigba tí òkìkí rẹ̀ kàn, ìtàn ayé ara rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, orúkọ eré náà nìkan sì ti tó kí ọmọ Yorùbá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé olórogún ni. Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ yóò rántí Kóòtù Aṣípa rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Nínú ẹgbẹ́ yìí náà ni Karin Barber, òyìnbó obìnrin tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, ti gun orí ìtàgé, tó ń fi Yorùbá ṣeré. Mo máa ń ro ti àwọn méjèèjì lórí pèpéle kan náà: ọ̀kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ayé ń wò, èkejì, àwọ̀ rẹ̀. Nígbà tí eré bá wọra tán, ohùn wọn ni èrò ń gbọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Aba, ní ilẹ̀ Ìgbò, ló ṣe Amadi ní èdè Ìgbò ní 1975, tó sì ṣe Àjàní Ògún ní èdè Yorùbá lọ́dún tó tẹ̀ lé e? Ọlá Balógun ni. Nínú Àjàní Ògún, Adéyẹmí Afọláyan, Adé Love tí gbogbo wa mọ̀, ló ṣe ọ̀dọ́mọdé ọdẹ tó ń bá olóṣèlú tó gba ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ jà.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó ni fíìmù ló ń gbé e kiri nígbà náà? Ògúndé, Adé Love, Bàbá Sàlá, gbogbo wọn ló ń di ẹ̀rọ àti fíìmù sọ́kọ̀, tí wọ́n ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, tí wọ́n ń ya gbọ̀ngán àti ilé ẹ̀kọ́ lò. Owó ńlá ni ẹ̀dà kan ṣoṣo, wọn kò sì lè fi síkàáwọ́ ẹni tí wọn kò mọ̀. Àwọn olè ṣì rí Ọ̀run Móoru, tí Bàbá Sàlá gbé jáde ní 1982, dà sórí fídíò. Ẹni tó ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín, gbèsè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì.

Ṣé o mọ̀ pé ènìyàn lè di àjèjì ní ọ́fíìsì ara rẹ̀? Kòṣeégbé ti Túndé Kèlání, 1995, láti inú eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá: òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù kan kọ rìbá, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà láti gbẹ́ kòtò fún un. Nínú Thunderbolt tí Kèlání náà ṣe, ọmọ Ìgbò ni ìyàwó, ọmọ Yorùbá ni ọkọ, ìfura ló sì di mágùn sára obìnrin náà. Nínú Dazzling Mirage, 2014, ọmọbìnrin kan ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀ sì di ọ̀ràn. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí tó rìnrìn àjò lọ sókè òkun kí ó tó di àlejò.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sókè òkun.

Ṣé o mọ̀ pé òfin wà tó dí ọ̀nà mọ́ ọmọ Àjàṣẹ́ kan láti ya fíìmù ní Áfíríkà? Paulin Soumanou Vieyra ni, wọ́n bí i ní 1925 ní Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Òfin 1934 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ya fíìmù ní àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso láìgba àṣẹ ìjọba. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá kọjú kámẹ́rà sí Paris. Afrique-sur-Seine nìyẹn, 1955, ìṣẹ́jú 21 péré: àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń rìn ní ìlú àwọn tó ń jọba lé wọn lórí.

Ṣé o mọ̀ pé alágbàárù ní èbúté Marseille ni Ousmane Sembène kí ó tó di òǹkọ̀wé àti aṣefíìmù? Ọmọ Senegal ni. Ní 1966, ó gbé La Noire de… jáde. Ó yẹ kí n dúró níbí díẹ̀. Diouana, ọmọbìnrin Dakar, bá àwọn òyìnbó tó gbà á síṣẹ́ lọ sí Antibes. Ọmọ wọn ló rò pé òun yóò máa tọ́jú, àfi bó ṣe di pé kó máa fọ balùwẹ̀, kó máa se ìrẹsì. Ó wọ aṣọ rẹ̀ tó dára àti bàtà gogoro sínú ilé, ìyá ọ̀gá ní kó bọ́ bàtà yẹn. Ìbòjú onígi tí ó fi ta wọ́n lọ́rẹ láti Dakar wà lára ògiri funfun, òun nìkan. Nígbà tó yá, Diouana yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, òun àti ìyá ọ̀gá sì jọ ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí Diouana gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ọ̀gá gbé ẹrù rẹ̀ àti ìbòjú náà padà sí Dakar. Ọmọdékùnrin kan gbé ìbòjú bojú, ó ń tẹ̀ lé òyìnbó náà lẹ́yìn, òyìnbó sì ń sáré rìn, ó ń wẹ̀yìn. Èyí tó dùn mí jù nìyí: ohùn tí a ń gbọ́ gẹ́gẹ́ bí èrò ọkàn Diouana, kì í ṣe ti Mbissine Thérèse Diop tó ṣeré náà. Toto Bissainthe, ọmọ Haiti, ló fi Faransé sọ ọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Senegal mìíràn, Djibril Diop Mambéty, ṣe Touki Bouki ní 1973 láìlọ sí ilé ẹ̀kọ́ fíìmù kankan? Ọ̀rẹ́ méjì ń wá owó ọkọ̀ ojú omi lọ sí Paris. Obìnrin wọkọ̀. Ọkùnrin yí padà lẹ́nu ọkọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn òbí wa tó lọ kàwé ní London láyé ìgbà kan máa ń fi ọmọ fún òyìnbó wò, tí wọ́n ń sanwó? Adéwálé Akinnuoye-Agbaje jẹ́ ọ̀kan nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni nígbà tí wọ́n gbé e fún ìdílé kan ní Tilbury. Ó dàgbà láàárín ẹ̀gàn títí ó fi wọ ẹgbẹ́ àwọn òyìnbó aláfárí (skinheads) tó ń lu ènìyàn dúdú, òun tó dúdú. Ó fi ìtàn náà ṣe Farming ní 2018. Nínú fíìmù, ọmọ náà ń da pàúdà funfun sára, bóyá àwọ̀ yóò yí. Bàbá ọmọ náà, tó gbé e fún wọn, Adéwálé fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ wọ ẹ̀wù ẹni tó fi í sílẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé nínú Mother of George tí Andrew Dosunmu ṣe ní 2013, ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an ni ìyá ọkọ ti sọ ọmọ tí wọn kò tíì lóyún rẹ̀ lórúkọ? Brooklyn ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n ilé Yorùbá ni. Olóògbé Bukky Ajayi ló ṣe ìyá ọkọ yẹn. Nígbà tí ìyàwó kò lóyún, àbá tí ìyá mú wá wúwo ju ohun tí ìyàwó lè gbé lọ.

Ṣé o mọ̀ pé Eyimofe, fíìmù 2020 tí àwọn ìbejì Arie àti Chuko Esiri yà ní Èkó, pín sí apá méjì, Spain àti Italy, tí kò sì sí ẹni tó dé èyíkéyìí nínú méjèèjì? Mofe ń tún iná ṣe ní ilé ìtẹ̀wé. Wo ọwọ́ rẹ̀ nínú àpótí wáyà tó lọ́ mọ́ra. Ó mọ ibi tí iná ti ń jò, ṣùgbọ́n wọn kò pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, èéfín jẹnẹrétọ̀ pa àbúrò rẹ̀ obìnrin àti àwọn ọmọ obìnrin náà méjì lójú oorun. Ta ni nínú wa tí kò tíì sùn nítòsí jẹnẹrétọ̀ rí? Fíìmù náà kò jẹ́ kí Mofe ráyè sunkún, owó ni ó ń kà: owó òkú, owó ìwé, owó lọ́yà.

Ṣé o mọ̀ pé My Father's Shadow ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó wọ àṣàyàn àjọ̀dún fíìmù Cannes fúnra rẹ̀ (Official Selection), ní 2025? Akinola àti Wale Davies, tẹ̀gbọ́n tàbúrò tí bàbá wọn kú nígbà tí wọ́n ṣì kéré, ló ṣe é: ọmọkùnrin méjì bá bàbá wọn lọ sí Èkó ní Okúdù 1993, bàbá ń wá owó oṣù tí wọ́n jẹ ẹ́. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò gidi ló ṣe àwọn ọmọ náà.

Ṣé o mọ̀ pé Yunifásítì Bowen, lórí ilẹ̀ tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Baptist wà tẹ́lẹ̀ ní Ìwó, ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré orí ìtàgé? Àwọn ọmọ yẹn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ gbé kámẹ́rà dé Odò-Orí lọ́jọ́ ọjà. Ẹ bi àwọn tó pàtẹ pé níbo ni wọ́n ti wá. Ní tèmi, ìtàn Tẹlú ni ǹ bá mú, n kò sì ní bẹ̀rẹ̀ láti ààfin Ifẹ̀. Ọ̀nà igbó ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀, nírọ̀lẹ́, tí odídẹrẹ́ ń ké lókè igi, tí obìnrin kan tó pọnmọ dúró, tó gbójú sókè, tó sì sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀.