Occupational therapy àti physical therapy ní ilé-ẹ̀kọ́ (Amẹ́ríkà)

Occupational therapy àti physical therapy ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ ìrànlọ́wọ́ tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọ tí wọ́n ní ìpèníjà ara tàbí ti ọpọlọ, kí wọ́n lè kópa nínú ẹ̀kọ́ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn. Physical therapy ni ohun tí àwọn ará Nàìjíríà mọ̀ sí physiotherapy. Ó dá lórí bí ọmọ ṣe ń jókòó, bí ó ṣe ń rìn àti bí ó ṣe ń gun àtẹ̀gùn. Orúkọ occupational therapy lè mú ènìyàn rò pé iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni ó dá lé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń tọ́ka sí ni gbogbo ohun tí ènìyàn ń ṣe fún ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, lára rẹ̀ ni dídi pẹ́ńsùlù mú, fífi àlùmọ́gàjí gé bébà, dídé bọ́tìnnì, jíjẹun àti lílo ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ìpìlẹ̀ nínú òfin

Kí ọdún 1975 tó dé, àwọn ọmọ tí wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Amẹ́ríkà kò gbà wọlé rárá nítorí ìpèníjà wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún náà ni Ààrẹ Gerald Ford fọwọ́ sí òfin Education for All Handicapped Children Act. Ní ọdún 1990, wọ́n yí orúkọ òfin náà padà sí Individuals with Disabilities Education Act, tí ìgékúrú rẹ̀ ń jẹ́ IDEA.

IDEA ka ìtọ́jú méjèèjì mọ́ àwọn iṣẹ́ tí ọmọ nílò kí ó tó lè jàǹfààní nínú ẹ̀kọ́ àkànṣe rẹ̀. Orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, "nílò", ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àríyànjiyàn dá lé. Dókítà lè kọ̀wé pé ọmọ kan nílò physical therapy, kí ilé-ẹ̀kọ́ sì fèsì pé kò sí lára ohun tí òfin ní kí òun ṣe, láìsí pé ẹnikẹ́ni nínú wọn parọ́. Ara ọmọ ni ilé ìwòsàn ń wò. Ìbéèrè ti ilé-ẹ̀kọ́ ni bóyá ìṣòro náà ń dí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò lágbára tó, ṣùgbọ́n tí ó ń dé kíláàsì lásìkò, tí ó sì ń bá ẹgbẹ́ ṣeré, lè má rí ìtọ́jú yìí gbà ní ilé-ẹ̀kọ́. Èyí máa ń bí àwọn òbí nínú, kò sì yani lẹ́nu, nítorí ẹsẹ̀ kan náà ni ọmọ ń gbé lọ sí ibi méjèèjì. Òbí tí kò bá fara mọ́ ìpinnu ilé-ẹ̀kọ́ lè béèrè fún onílàjà tàbí kí ó pe ẹjọ́. Apá 504 nínú òfin Rehabilitation Act ti ọdún 1973 tún lè ran àwọn ọmọ kan tí IDEA kò kàn lọ́wọ́.

Ní ọdún 1984, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ṣe ìdájọ́ Irving Independent School District v. Tatro, láti ìpínlẹ̀ Texas. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù ọ̀pá ẹ̀yìn nílò kí wọ́n máa fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa ìtọ̀ jáde fún un ní wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Ilé-ẹ̀kọ́ ní iṣẹ́ ìṣègùn ni. Ilé-ẹjọ́ dáhùn pé kò gba dókítà, nọ́ọ̀sì lè ṣe é, àti pé láìsí i, ọmọ náà kò lè wà ní kíláàsì rárá. Ẹjọ́ náà kì í ṣe ti therapy, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ó hàn gbangba pé ohun tí ọmọ kò lè ṣaláìní kí ó tó lè wà ní ilé-ẹ̀kọ́ wà lára ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Àwọn òbí, olùkọ́ àti onítọ̀ọ́jú máa ń jókòó papọ̀ kọ ètò ẹ̀kọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní IEP. Ó kéré tán, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Àfojúsùn tó dára nínú rẹ̀ kì í ṣe pé "ọwọ́ ọmọ yóò lágbára sí i", bí kò ṣe pé ọmọ yóò kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìlà tí olùkọ́ yóò sì lè kà á.

Láyé àtijọ́, wọ́n sábà máa ń mú ọmọ jáde lọ sí yàrá kékeré kan. Lónìí, ọ̀pọ̀ onítọ̀ọ́jú ń ṣiṣẹ́ nínú kíláàsì, ní ibi ìjẹun àti ní pápá ìṣeré, wọ́n sì ń kọ́ olùkọ́ ní ohun tí yóò máa ṣe nígbà tí wọn kò bá sí níbẹ̀. Nígbà mìíràn, àga ni wọ́n ń tún ṣe, kì í ṣe ọmọ: bí ẹsẹ̀ ọmọ kò bá kan ilẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò ní í dúró sójú kan láti kọ̀wé. Pẹ́ńsùlù tó nípọn tàbí kọ̀ǹpútà lè yanjú ohun tí oṣù púpọ̀ kò yanjú.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀nà ìtọ́jú ni ẹ̀rí tì lẹ́yìn bákan náà. A. Jean Ayres (1920–1988) ló dá àbá sensory integration sílẹ̀, èyí tí ó sọ pé ọpọlọ àwọn ọmọ kan kì í to ohun tí ara ń gbọ́ pọ̀ dáadáa. Ìtọ́jú tó jáde láti inú rẹ̀ gbajúmọ̀ gan-an ní ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ní ọdún 2012, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé, American Academy of Pediatrics, kéde pé ìwádìí lórí rẹ̀ kò tíì pọ̀ tó, kò sì tíì fìdí múlẹ̀.

Nígbà tí ọmọ bá fi máa pé ọdún 16, ètò rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti máa sọ nípa ìgbé ayé lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, bíi wíwọ ọkọ̀ èrò tàbí ṣíṣe iṣẹ́. Ẹ̀tọ́ tí IDEA fún un yóò dópin ní ọjọ́ tí ó bá gba ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ girama, tàbí nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá kọjá èyí tí òfin fàyè gbà, tí kì í sábà ju 21 lọ.