Ẹrù Tó Há Sí Oríta: Àlàyé Lórí Kíkó Àpò Àjọlò Láti Inú Sáfà Kan Bọ́ Sí Òmíràn



1. Ìfáàrà

Ẹni tó bá ń ti Èkó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ìlú Ìbíní mọ oríta Ṣàgámù, tí gbogbo wa ń pè ní Interchange. Ibẹ̀ ni òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978, ti pàdé ọ̀nà Ìbíní. Ọ̀pọ̀ èrò ni ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ láti wọ ọkọ̀ mìíràn. Èrò lè ti jókòó pẹ̀sẹ̀ sínú ọkọ̀ kejì, kí ẹrù rẹ̀ ṣì wà nínú bùùtù ti àkọ́kọ́. Èrò dé, ẹrù kò dé.

Irú rẹ̀ gan-an ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá ń kó àwọn àpò ìwé tí òṣìṣẹ́ ń lò pọ̀ láti inú sáfà ímeèlì kan bọ́ sí òmíràn. Kókó ọ̀rọ̀ mi lónìí ni pé orúkọ àpò a máa dé ṣáájú ohun tó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ pa sáfà àtijọ́ rẹ́ kí á tó ka ẹrù.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí Ṣàgámù. Ilé-iṣẹ́ MainOne, tí okùn rẹ̀ gba abẹ́ òkun dé Èkó ní ọdún 2010, kọ́ ilé ìpamọ́ dátà kan sí ìlú náà kí Equinix ti Amẹ́ríkà tó ra MainOne ní ọdún 2022. Ẹni tí sáfà rẹ̀ wà ní Èkó lè fi ẹ̀dà dátà rẹ̀ pamọ́ sí irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ewu kan ṣoṣo má baà ká méjèèjì mọ́. Ṣùgbọ́n ilé tó dára kò ní kí ẹrù má há sọ́nà.

2. Kí ni àpò àjọlò?

Sáfà ni kọ̀ǹpútà tó ń gba ímeèlì ilé-iṣẹ́ wọlé, tó ń pín in, tó sì ń tọ́jú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àpótí lẹ́tà tirẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ìpàdé, ìwé àdéhùn, àti orúkọ àwọn oníbàárà kì í ṣe ti ẹnì kan; inú àpò àjọlò ni wọ́n ń gbé. Exchange, tí Microsoft gbé jáde ní ọdún 1996, ti ní irú àpò yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, òun ni n ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ àpò yìí ṣòro ni pé kò ní olówó. Bí àpótí ẹnì kan bá sọnù, òun fúnra rẹ̀ yóò figbe ta kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Bí ìwé bá sọnù nínú àpò àjọlò, ó lè tó ọdún kan kí ẹnikẹ́ni tó fura, nígbà tí òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì kan bá wá béèrè ìwé tó fi ìgbà tó wọṣẹ́ hàn.

3. Bí orúkọ ṣe ń ṣáájú ẹrù

Nínú Exchange títí dé ti ọdún 2010, ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni nǹkan ń gbà. Àtòjọ orúkọ àwọn àpò a máa lọ sí gbogbo sáfà tó bá ní àká àpò àjọlò. Ohun tó wà nínú àpò, ní tirẹ̀, a máa lọ sí kìkì sáfà tí alábòójútó bá yàn pé kí ó ní ẹ̀dà rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bíi lẹ́tà ni àwọn sáfà ń fi méjèèjì ránṣẹ́ síra wọn. Bí lẹ́tà wọ̀nyí bá dúró sójú ọ̀nà, òṣìṣẹ́ yóò rí gbogbo orúkọ lórí sáfà tuntun, inú àpò yóò sì ṣófo. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Níhìn-ín, agbè ti gúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni ó yẹ inú rẹ̀ wò?

Nígbà tí àwọn ìlú Rẹ́mọ kan parapọ̀ di Ṣàgámù ní nǹkan bí ọdún 1872, Mákun, Òfin àti àwọn yòókù mú orúkọ wọn wá, orúkọ wọ̀nyí sì wà níbẹ̀ di òní. Èèyàn tó bá orúkọ náà dé ni ó sọ ọ́ di àdúgbò. Bí orúkọ nìkan ni ó dé, ahoro ni à bá máa wí.

Exchange 2013 yí ètò yìí padà: ó kó àpò àjọlò sínú àkànṣe àpótí lẹ́tà. Ẹni tó wà lórí Exchange 2003 kò sì lè fò dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní láti kọ́kọ́ dúró ní ti 2007 tàbí ti 2010. Oríta kọ̀ọ̀kan sì ni ibi tí ẹrù ti lè há. Irú ìkóléyìí kò tíì tán nílẹ̀, nítorí pé ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dẹ́kun àtìlẹ́yìn fún Exchange 2016 àti 2019.

4. Bí ó ti yẹ kí á kó o

Lákọ̀ọ́kọ́, kí á kọ orúkọ àpò kọ̀ọ̀kan, iye ohun tó wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, àti àwọn tó ní àṣẹ láti ṣí i. Lẹ́yìn náà, kí á ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, kí á sì dán an wò bóyá ó ṣeé ṣí. Bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ ni kí ẹrù máa lọ. Ní ìkẹyìn, a ó ti àpò àtijọ́ pa, kí ìyókù lè dé láìsí ẹni tó ń fi tuntun kún un. Kí òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo kọ́kọ́ wọ inú ilé tuntun láti yẹ̀ ẹ́ wò kí á tó ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn. Bí a bá tún padà sí ti àtijọ́ lẹ́yìn náà, ohun tí wọ́n ti fi sínú tuntun kò ní bá wa padà.

5. Bí dátà bá ti há

Exchange àtijọ́ a máa kọ̀ kí á yọ àká tí ẹ̀dà àpò ṣì wà nínú rẹ̀. Ìkìlọ̀ ni kí á ka ìkọ̀ náà sí. Àwọn tó fi ipá yọ ọ́ ni ó sábà ń kó sí wàhálà. Bí sáfà náà bá ṣì lè tàn, kí á tàn án padà, kí ẹrù parí ìrìn rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé fáìlì àká nìkan ni ó kù, kí á kọ́kọ́ dà á kọ. Irinṣẹ́ Eseutil yóò sọ fún wa bóyá wọ́n ti àká náà bí ó ti yẹ, tàbí iná ọba ló já a gbà. Bí àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ bá wà, òun ni kí á fi mú un bọ̀ sípò. Àtúnṣe tipátipá ni kí ó kẹ́yìn, nítorí pé ohun tí kò bá lè tún ṣe, dídànù ni ó ń dà á. Ètò tí Exchange fi ń gba àpótí ẹnìkọ̀ọ̀kan là kì í gba àká àpò àjọlò. A ní láti tún sáfà àtijọ́ tò bí ó ti wà, tàbí kí á lo irinṣẹ́ mìíràn tó lè ka fáìlì náà.

Kí á má sì gbàgbé kọ̀ǹpútà àwọn òṣìṣẹ́. Outlook lè ti fi ẹ̀dà àpò tí wọ́n ń lò jù pamọ́ sórí rẹ̀. Kí á yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí á tó ṣí i, kí á sì kó ohun tí a bá rí sínú fáìlì ọ̀tọ̀.

6. Ìkádìí

Òfin ìdáàbòbò dátà tí a fọwọ́ sí ní Nàìjíríà ní ọdún 2023 sọ ọ́ di dandan fún ẹni tó ń tọ́jú dátà ènìyàn láti dáàbò bò ó kí ó má baà sọnù. Lójú tèmi, ọ̀nà tó rọrùn jù láti pa òfin yìí mọ́ ni pé kí ilé-iṣẹ́ yan ẹnì kan tí yóò fi ìwé ìkàyé àtijọ́ wé ti tuntun, tí yóò sì fọwọ́ sí i pé iye méjèèjì dọ́gba. Títí ẹni náà yóò fi fọwọ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan sáfà àtijọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.