Ewébẹ̀ Inú Igbó ní Enugu: Mọ Ewé Kí O Tó Já A

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Enugu, ewébẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbìn a máa hù ní ẹsẹ̀ òkè Udi, ní etí odò àti ní oko tí a ti pa tì. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni a ń kó wá sí ọjà Ogbete ní ìlú Enugu, níbi tí àwọn ìyálé ilé ti ń rà á fún ọbẹ̀. Lákòókò tí oúnjẹ gbówó lórí yìí, ẹni tí ó bá mọ ewé lè fi ohun tí igbó pèsè bọ́ ìdílé rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀mí ni ó lè fi dí i.

Àwọn àgbà ìlú náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Enugu ni olú-ìlú Biafra nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1967. Kí ogun náà tó parí ní oṣù Kínní ọdún 1970, ebi ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa wá oúnjẹ kiri inú igbó, tí wọ́n sì ń jẹ ewé tí wọn kì í jẹ tẹ́lẹ̀, títí kan ewé ẹ̀gẹ́. Oró sáyánáìdì wà nínú ewé ẹ̀gẹ́; a gbọ́dọ̀ gún un, kí a sì sè é jinná dáadáa kí ó tó ṣeé jẹ.

Ohun tí igbó ń pèsè

Nínú ewé tí a ń já nínú igbó ní agbègbè náà ni ọkazi tí ń fà mọ́ igi, ewé igi ọha, àti utazi kíkorò tí àwọn Yorùbá ń pè ní àrọ̀kẹ́kẹ́. Uziza ni iyèré, nchanwu sì ni efinrin. Ní ti èso, udara ni àgbálùmọ̀, icheku ni awin, ukwa sì ni afọ̀n. Àwọn ewé tútù wọ̀nyí a máa fún ara ní fítámì àti irin.

Ọ̀mọ̀wé Jonathan Okafor, onímọ̀ nípa igbó, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí nípa irú àwọn igi bẹ́ẹ̀. Ìwádìí rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1980 ṣàlàyé ipa tí igi tí ó ṣeé jẹ ń kó nínú ọrọ̀ ajé àwọn ará abúlé.

Èyí tí ó lè pani

Èkíní ni èsúrú inú igbó. Èsúrú tí a ń gbìn ṣeé jẹ, ṣùgbọ́n ti inú igbó, tí òun náà ní ewé mẹ́ta lórí ọ̀pá kan, ní oró tí ń fa gìrì àti ikú. Sísè lásán kò tó láti mú un kúrò.

Èkejì ni iṣin. Ìgbà tí èso náà bá là fúnra rẹ̀ lórí igi nìkan ni a lè jẹ ẹran inú rẹ̀, kí a sì yọ kóró dúdú àti fọ́nrán pupa rẹ̀ sọnù. Iṣin tí kò gbó a máa fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ lójijì. Ní orílẹ̀-èdè Burkina Faso ní ọdún 1998, àwọn oníṣègùn so ikú ọmọdé 29 mọ́ jíjẹ ẹ́.

Ẹ̀kẹta ni olú. Olú funfun kan wà tí ó ní ìpẹ́ lórí, tí abẹ́ rẹ̀ ń di àwọ̀ ewé bí ó bá ti ń gbó. Ó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru. Pé ìgbín tàbí kòkòrò jẹ olú kò fi hàn pé ènìyàn lè jẹ ẹ́.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tún ti rí èròjà tí ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ nínú èbòlò, ewé tí àwọn Yorùbá fẹ́ràn. Nítorí náà, kò yẹ kí a sọ ọ́ di oúnjẹ ojoojúmọ́.

Bí a ṣe ń kọ́ ọ

Ẹnu àgbà tí ó ti ń já ewé náà fún ọ̀pọ̀ ọdún ni kí a ti kọ́ ọ, kí a sì mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí a wo ewé, igi, oje, òdòdó àti èso rẹ̀, kí a sì gbóòórùn rẹ̀, nítorí orúkọ kan lè wà fún ewé méjì. Bí iyèméjì bá wà, kí a má ṣe jẹ ẹ́. Àwọn onímọ̀ nípa ewéko ní Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka lè yẹ ewé wò.

Kí a má ṣe já ewé ní etí títì ọkọ̀, ní ààtàn, ní oko tí a fọ́n oògùn apakòkò sí, tàbí létí omi tí ń ṣàn jáde láti ibi ìwakùsà èédú àtijọ́ bí Onyeama àti Okpara, nítorí irin olóró lè wà nínú rẹ̀. Bí a bá sì ń já ọkazi, ewé nìkan ni kí a mú. Ẹni tí ó bá fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kì yóò rí i já lọ́dún tí ń bọ̀.

Bí ewé bá mú ènìyàn

Bí èébì, inú rírun, òòyì tàbí gìrì bá tẹ̀lé oúnjẹ, kí a gbé aláìsàn náà lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Kí a má ṣe fún un ní epo pupa mu, kí a má sì fi ipá mú un bì. Kí a mú ìyókù ewé tàbí olú náà dání, kí dókítà lè mọ ohun tí ó ń bá jà. Ní Enugu, ilé ìwòsàn ìkọ́ni wà ní Parklane àti ní Ituku-Ozalla.