Ọkọ̀ tí mẹkáníìkì àdúgbò yín mọ̀ ni kẹ́ ẹ rà

Lóṣù tó kọjá, àbúrò mi kan tó ń gbé ní Ìgbẹsà, tó sì ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan ní Àgbárá, fi àwòrán ọkọ̀ kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ọkọ̀ Jámánì ni, ó dúdú, ó ń dán, awọ ni wọ́n fi ṣe àga inú rẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó. Owó Corolla ni wọ́n fẹ́ gbà lórí ẹ̀ o! Kọ́párétíìfù wa ti gbà láti yá mi lówó."

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi í: "Tó bá bàjẹ́ ní Ìgbẹsà lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, ta ló máa tún un ṣe?"

Kò fèsì títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Èmi náà ti ṣe irú ẹ̀ rí. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo ra ọkọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù kan tí mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Mo wo ara ẹ̀, mo gbọ́ redíò ẹ̀, mo sanwó. Kò pé oṣù mẹ́ta tí jíà ẹ̀ fi kọ̀ tí kò wọlé mọ́. Mẹkáníìkì tó wà nítòsí ilé mi ṣí bóńẹ́ẹ̀tì, ó wò ó títí, ó sì tún bò ó padà. Ó ní, "Lọ́yà, ẹ má bínú, mi ò fẹ́ bà á jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́." Ńṣe ni wọ́n wọ́ ọ lọ sí Èkó, ọ̀sẹ̀ méje ló sì lò níbẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí kòtò tèmi kọ́ yín.

Ní Ìgbẹsà, ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ibẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ ṣíftì ní àwọn ilé iṣẹ́ Àgbárá tàbí nínú ọgbà Ogun-Guangdong. Ẹni tó bá parí iṣẹ́ láago mẹ́wàá alẹ́ mọ iye tí ọlọ́kadà máa pè, ó sì mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà. Tírélà tó ń kó ẹrù wọlé, tó ń kó ẹrù jáde, kì í jẹ́ kí ọ̀nà pẹ́ kó tó bàjẹ́, ọ̀pọ̀ òpópónà inú àdúgbò ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀dà.

Epo tún wá dá kún un. Kí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu tó kéde lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ epo ti dópin, lítà epo bẹntiróòlù kan ò tó 200 náírà nílé epo. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti ju 1,000 náírà lọ. Náírà já wálẹ̀ níwájú dọ́là, ọkọ̀ tòkunbọ̀ àti páàtì gbówó lórí. Ẹ́ńjìnnì púlọ́ọ̀gì mẹ́fà tí wọ́n fi ń ṣe fọ́rífọ́rí tẹ́lẹ̀ ti di gbèsè sí ẹni tó ń gba owó oṣù lọ́rùn.

Tẹ́ ẹ bá bi mí, Toyota Corolla tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láàárín 2003 sí 2008 ṣì ni mo máa kọ́kọ́ wò. Mi ò ní ìpín kankan nínú Toyota o. Púlọ́ọ̀gì mẹ́rin ni, ẹ́ńjìnnì 1.8, ṣéènì ló sì ń yí táímìn ẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀. Ọ̀pọ̀ Matrix ìgbà yẹn ń lo ẹ́ńjìnnì kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó kéré sí i, Yaris 2007 sókè wà ńbẹ̀, 1.5 ni tiẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún Corolla 1998 sí 2002, torí wọ́n mọ ẹ́ńjìnnì ìgbà yẹn mọ́ jíjẹ ọ́ìlì.

Láti ọdún 1966 ni Toyota ti ń ṣe Corolla, nígbà tó sì di 2021, iye tí wọ́n ti tà lágbàáyé pé mílíọ̀nù 50. Ohun tó kàn wá níbẹ̀ ni pé páàtì ẹ̀ kún Ládípọ̀, ẹ máa rí i ní Sàngó Ọ̀tà, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì fi kọ́ṣẹ́. Àwọn kan á ní ó ti pọ̀ jù nígboro, pé bó ṣe gbajúmọ̀ yẹn ló jẹ́ kó wọ́n. Òótọ́ ni. Àmọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ ò ní wá oníbàárà títí. Tó bá sì jẹ́ Honda Civic tàbí Kia Rio ni mẹkáníìkì yín mọ̀ dunjú, ẹ rà á. Ìwà lẹwà ọkọ̀, mẹkáníìkì ló sì mọ ìwà ẹ̀.

Ẹ mú mẹkáníìkì náà dání tẹ́ ẹ bá ń lọ wò ó, kẹ́ ẹ sì sanwó iṣẹ́ fún un kó má baà gba ti ẹni tó ń tajà. Ẹ lọ láàárọ̀. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ti tàn án sílẹ̀. Èéfín tó bá ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Tẹ́ ẹ bá ki jíà sí D tàbí R tó sì ń rò ó kó tó gbéra, ẹ máa lọ sílé. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìdí. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà ẹrẹ̀ lára ẹ̀, omíyalé ti gbé ọkọ̀ yẹn rí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT lára táyà ló ń sọ ọjọ́ orí ẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019.

Ẹ wá wo VIN. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, ìkẹwàá ló ń sọ ọdún: 3 ni 2003, 8 ni 2008, A ni 2010. Tí wọ́n bá ní 2008 ni, tí ìkẹwàá wá jẹ́ 5, ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi parọ́ fún yín. Ẹ tẹ VIN yẹn sórí ìkànnì NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ Corolla ìgbà yẹn wà lára ọkọ̀ tí wọ́n pè padà nítorí airbag Takata, tó lè bú gbàmù kó sì fọ́n irin lu ẹni tó wà nínú ọkọ̀.

Ibi tó kan iṣẹ́ tí mo kọ́ wá dé. Òfin ọjà títà wa, tó ti inú òfin Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1893 wá, ò ṣàánú ẹni tó kánjú. Tẹ́ ẹ bá ti yẹ ọjà wò kẹ́ ẹ tó rà á, àbùkù tó yẹ kẹ́ ẹ rí lọ́jọ́ náà ti di tiyín. Tó bá jẹ́ ẹni tí kì í ṣòwò ọkọ̀ ló tà á fún yín, ààbò yín tún kéré sí i. Tó bá sì jẹ́ ọkọ̀ olè ni, ẹni tí kì í ṣe olóhun ò lè fún yín ní ohun tí kò ní: olóhun á gba ọkọ̀ ẹ̀, ẹ̀yin á máa wá ẹni tó tà á kiri.

Nítorí náà, ìwé jẹ́ ara ọkọ̀. VIN tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn àti èyí tó wà nínú ìwé gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹ béèrè ìwé aṣọ́bodè, pàápàá níbi tá a wà yìí tí kò jìnnà sí ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀. Láti oṣù Kínní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé gba ẹnubodè orí ilẹ̀. Ọkọ̀ tó gba inú igbó láti Kútọnu wọlé lè pọ́ọ́kú, àmọ́ aṣọ́bodè lè gbà á lọ́wọ́ yín lọ́jọ́kọ́jọ́. Ẹ kọ ìwé àdéhùn, kẹ́ ẹ sanwó sí báńkì ẹni tí orúkọ ẹ̀ wà nínú ìwé, kẹ́ ẹ sì yí orúkọ padà kíákíá.

Èyí tó kẹ́yìn: ẹ má ná gbogbo owó tán. Tó bá jẹ́ mílíọ̀nù márùn-ún lẹ ní, ọkọ̀ mílíọ̀nù mẹ́rin lẹ ní owó ẹ̀. Ìyókù wà fún ọ́ìlì, táyà, ṣọ́kì, bátìrì àti ìwé.

Àbúrò mi gbọ́. Òun àti mẹkáníìkì ẹ̀ lọ wo Corolla kan ní Sàngó láago méje àárọ̀ Sátidé tó kọjá. Mẹkáníìkì fọwọ́ kan bóńẹ́ẹ̀tì, ó gbóná. Wọ́n padà sílé. Ó ṣì ń wọ Márúwá lọ síbi iṣẹ́, ó sì ń ráhùn sí mi létí. Àmọ́ kò tíì jẹ kọ́párétíìfù ní kọ́bọ̀.