Bí orin olórin tuntun ṣe ń rí etí tó máa gbọ́ ọ

Gbígbé orin jáde kì í ṣe iṣẹ́ ńlá mọ́. Ọmọ tó ní fóònù tó dáa, tó sì rí owó díẹ̀ san fún ilé iṣẹ́ tó ń bá olórin pín orin kiri, lè gbé èyí tó kọ nínú yàrá sórí Spotify, Apple Music àti Boomplay láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ẹni tó wà ní Ṣàgámù lè gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan náà. Nǹkan bíi 100,000 orin ló ń wọ orí àwọn ìkànnì bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ kárí ayé. Bí orin kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹni tó bá ní òun fẹ́ gbọ́ ti ọjọ́ kan ṣoṣo tán yóò fi nǹkan bí oṣù méje jókòó tì í láìsùn. Ibi tí iṣẹ́ wà ni pé ta ni yóò gbọ́ ọ, ta ni yóò sì sọ fún ẹlòmíràn.

Nílẹ̀ Yorùbá, ojú agbo ni wọ́n ti ń dá olórin tuntun mọ̀ láyé àtijọ́. Ọmọdé ni Sikiru Ayinde Barrister, olórin fújì, nígbà tó ti ń kọ wéré, orin tí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí fi ń jí aráàdúgbò sí sààrì nínú oṣù Ràmàdáánì. Àdúgbò kan á gbé ẹgbẹ́ tirẹ̀ kalẹ̀ láti bá ti òmíràn díje. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá wọ̀ wọ́n lára ni wọn yóò pè síbi ìsọmọlórúkọ, ẹni tó bá rí i níbẹ̀ á tún pè é síbi ìgbéyàwó, títí tí òkìkí rẹ̀ yóò fi dé etí àwọn tó ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù. Nígbà tí síìdì gbòde, ọjà Alaba ní Ọ̀jọ́ bọ́ sípò yẹn. Àwọn díìjéè á to orin sórí síìdì kan, wọ́n á fi èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ṣíde, wọ́n á ki ti ọmọ tuntun bọ àárín, kí dáńfó àti ṣọ́ọ̀bù agẹrun tó máa lù ú káàkiri. Ọ̀fẹ́ kọ́ o: ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun ló sanwó kí wọ́n tó ki tirẹ̀ bọ ibẹ̀.

Lónìí, ẹ̀rọ ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà ṣe. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù ni pé kó máa wo ohun tí àwọn èèyàn ń gbọ́ pọ̀. Bí ẹnì kan ní Ìbàdàn bá ń gbọ́ Aṣa, Beautiful Nubia àti Brymo, tí ẹlòmíràn ní Àkúrẹ́ ń gbọ́ Aṣa àti Beautiful Nubia nìkan, ẹ̀rọ á gbà pé ìfẹ́ wọn jọra, á sì gbé Brymo síwájú ará Àkúrẹ́. Irú ìṣirò yìí wà lára ohun tí Discover Weekly dúró lé, àkójọ 30 orin tí Spotify bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2015, tó sì ń gbé síwájú oníkálukú ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Ẹ̀rọ yìí kò gbọ́ orin kankan. Ipa ẹsẹ̀ àwọn tó ti gbọ́ ọ ló ń tọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni olórin tuntun ti ń jìyà. Orin tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ kò ní ipa ẹsẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ kò rí i. Kò rí i, kò dá a lábàá. Kò dá a lábàá, èèyàn kò gbọ́ ọ.

Ọ̀nà mìíràn ni kí wọ́n wo inú orin fúnra rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Pandora ní Amẹ́ríkà gba àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa orin síṣẹ́ láti máa gbọ́ orin lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa kọ ìṣesí rẹ̀ sílẹ̀, ìṣesí tó lè tó 450: irú ohùn, irú ìlù, bí gìtá ṣe ń dún. The Echo Nest, tó jáde láti yunifásítì MIT ní 2005, fi kọ̀ǹpútà ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, Spotify sì rà á ní 2014. Èyí ṣàǹfààní fún ọmọ tuntun, torí pé orin tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ náà ní ìlù àti ohùn tí ẹ̀rọ lè wọ̀n. Síbẹ̀, kó mọ bí gángan ṣe ń yára tó yàtọ̀ sí kó mọ ẹni tí gángan náà ń kì.

Ìwádìí kan fi hàn bí àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ orin ṣe lágbára tó. Matthew Salganik, Peter Dodds àti Duncan Watts ní Yunifásítì Columbia kó 48 orin àwọn ẹgbẹ́ tí kò lókìkí jọ, 14,341 ènìyàn sì wá gbọ́ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n mú èyí tó wù wọ́n lọ. Àwọn kan ń dá yàn, wọn kò rí ju orúkọ orin àti ti ẹgbẹ́ lọ. Àwọn yòókù wà nínú agbo mẹ́jọ tó dá dúró, wọ́n sì ń rí iye ìgbà tí àwọn ará agbo tiwọn ti mú orin kọ̀ọ̀kan. Ìwé ìròyìn Science tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006. Orin "Lockdown" ti ẹgbẹ́ 52metro wà ní ipò 26 lọ́dọ̀ àwọn tó ń dá yàn. Nínú agbo kan, òun ló gba ipò kìíní. Nínú òmíràn, ó já sí ipò 40. Orin kan náà ni, wọn kò yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀. Orin tó dára jù kì í sábà ṣubú, èyí tó burú jù kì í sábà yege, àmọ́ èyí tó wà láàárín lè bá ara rẹ̀ níbikíbi, ibẹ̀ sì ni orin pọ̀ sí jù. Ó yẹ kí àwọn tó máa ń sọ pé olórin tí kò là kò mọ orin kọ ka ìwádìí yìí.

Ìdí nìyí tí ẹnì kan tó létí, tó sì lórúkọ, ṣì fi ń ṣe ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe. Ní 2018, Rema kọrin lé "Gucci Gang" ti D'Prince, ó gbé e sórí Instagram láti Benin City. D'Prince rí i, ó ránṣẹ́ pè é. Nígbà tó fi di 2019, ilé iṣẹ́ orin Mavin tí Don Jazzy dá sílẹ̀ ti ń fi í han aráyé. Orí Instagram náà ni Don Jazzy ti rí Ayra Starr, tí wọ́n bí ní Kútọnu. Nígbà tí Olamide olórin àti Poco Lee oníjó dá sí orin "Zazoo Zehh" ní òpin 2021, Portable, tó ti ń kọrin kiri tipẹ́, di ẹni tí gbogbo Nàìjíríà ń pè. Agbo náà máa ń ṣe é láìsí ọ̀gá: "Love Nwantiti" ti CKay jáde ní 2019, 2021 ni àwọn oníjó orí TikTok tó gbé e dé ilẹ̀ òkèèrè. Ní Bìrìtìkó, BBC bẹ̀rẹ̀ ètò Introducing ní 2007, níbi tí olórin tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ti lè fi orin rẹ̀ ránṣẹ́, kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò ìbílẹ̀ gbọ́ ọ, kí èyí tó dára sì dé rédíò àpapọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ìpínlẹ̀ wa lè ṣe irú rẹ̀ láìná owó púpọ̀.

Owó kì í jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Alan Freed, gbajúmọ̀ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà, gbà nílé ẹjọ́ ní 1962 pé òun gba rìbá lórí orin. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, òfin ti jáde ní 1960 pé rédíò tó bá gbowó láti gbé orin sáfẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún olùgbọ́. Ní 2020, Spotify kéde ètò Discovery Mode: olórin á gbà kí owó tó ń wọlé fún òun dín kù, kí ẹ̀rọ lè túbọ̀ máa gbé orin rẹ̀ síwájú èèyàn. Àwọn alátakò ní ọmọ ìyá rìbá rédíò ni. Ilé iṣẹ́ náà ní kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó wù kó jẹ́, olùgbọ́ kò mọ orin tó tọ̀nà ibẹ̀ wá.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, orin tí wọn kò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12 kì í mú kọ́bọ̀ wọlé lórí Spotify, ẹni tí kò bá sì gbọ́ ọ tó ìṣẹ́jú àáyá 30, wọn kò kà á. Ẹni tí orin ọmọ tuntun kan bá wọ̀ lára, kó jẹ́ kó dún kọjá ibẹ̀, kó fi í sínú àkójọ tirẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ ti lè rí i, kó sì fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí wọ́n jọ ń gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀.